Agbo ilé tuntun fún àwọn tó ń fẹ́ ju ẹnì kan lọ, láti Lekki dé Ajah

Jeffrey Hall, olùkọ́ ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, jókòó ka wákàtí. Ó fẹ́ mọ iye àsìkò tí ẹni méjì tí kò mọra rí máa lò pọ̀ kí wọ́n tó dọ̀rẹ́. Ohun tó rí, tó gbé jáde ní 2018, ni pé ó máa ń gbà tó wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣeréṣeré, nǹkan bíi 90 kó tó di ọ̀rẹ́ gidi, ó sì máa ń lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹ wá gbé igba wákàtí yẹn lé orí títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Láti Badore dé Lekki Phase 1 kò tó kìlómítà 25, àmọ́ ẹni tó bá kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè lo wákàtí méjì lójú ọ̀nà, kó sì débẹ̀ nígbà tí àwọn tó kù ti ń palẹ̀ mọ́. Tí ẹgbẹ́ kan bá ń pàdé fún wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wákàtí 36 péré nìyẹn lọ́dún. Ó máa lé ní ọdún márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ níbẹ̀.

Kí ló kan wákàtí ọ̀rẹ́ pẹ̀lú àkọlé òkè yìí? Ohun tó kàn án ni pé àwọn kan wà tí ọ̀rẹ́ ìtòsí kì í ṣe fàájì fún wọn, bí kò ṣe òpó tí ilé wọn fi ń dúró. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn tó ń fẹ́ ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn mọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Òyìnbó ń pè é ní polyamory. Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́: láti nǹkan bíi 1990 ló ti ń hàn nínú ìwé, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford sì gbà á wọlé ní 2006. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní ìfẹ́ ẹlẹ́ni púpọ̀ títí ẹnì kan á fi bá wa rí orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ṣebí bàbá àgbà yín náà fẹ́ ìyàwó mẹ́ta? Òótọ́ ni, àmọ́ nínú ìkóbìnrinjọ, ọkọ nìkan ló láǹfààní láti ní ju ẹnì kan lọ. Kì í sì í ṣe àlè yíyàn, torí àlè kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà. Ẹ má sì fi Fẹlá ṣe àpẹẹrẹ fún mi jàre. Ó gbé ìyàwó 27 lọ́jọ́ kan ní 1978, ó sì kọ àwọn tó kù sílẹ̀ ní 1986. Ilé ọkùnrin kan ṣoṣo nìyẹn. Nínú ìfẹ́ ẹlẹ́ni púpọ̀, obìnrin náà lè ní méjì, ọkùnrin náà lè ní méjì, ẹnikẹ́ni sì lè sọ pé òun ò ṣe.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣòro jù. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní "Òrìṣà jẹ́ á pé méjì" obìnrin, kò dénú. Ìyẹn ni pé ẹnu lè gbà kí inú má gbà. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ ń san rẹ́ǹtì ilé ní Ikate, tí kò ní ará kankan ní Èkó, tí wọ́n wá sọ fún pé "mo fẹ́ mú ẹnì kejì wá, ṣé kò sí?", kí lẹ fẹ́ kó sọ? Tí kò bá ní ẹni tó lè sá lọ bá, bẹ́ẹ̀ ni tó sọ yẹn kò ní ìwúwo kankan. Níbí yìí ni mo ti gbà pé ẹgbẹ́ ìtòsí wúlò ju ìwé èyíkéyìí lórí ìfẹ́ lọ: ó ń fún èèyàn ní ibi tó lè dúró sí tó bá fẹ́ sọ pé rárá.

Kí ló wá dé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi í tètè dìde? Kì í ṣe pé èèyàn ò sí. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí kò ṣègbéyàwó, ó sì rí i pé ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú márùn-ún tó ti ní irú ìfẹ́ tí gbogbo wọn jọ mọ̀ sí yìí rí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2013 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ ló ní orogún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oníkálùkù rò pé òun nìkan ni.

Ní 1978, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi ìṣirò tó rọrùn ṣàlàyé bí àwùjọ ṣe máa ń dìde tàbí kó jókòó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn mẹ́wàá láàárín Sangotedo àti Abraham Adesanya. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ aláìbẹ̀rù, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ jáde. Ẹni kejì máa jáde tó bá rí ẹnì kan. Ẹni kẹta nílò ẹni méjì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé orí ẹni kẹwàá tó nílò mẹ́sàn-án. Tí gbogbo wọn bá wà ńlẹ̀, ọ̀kan á fa èkejì, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á jáde. Ó dàa. Ẹ wá jẹ́ kí ẹni kejì yẹn kó lọ sí Abuja. Ẹni àkọ́kọ́ jáde, ẹni kẹta wo ìta, ẹnì kan ṣoṣo ló rí, ó padà wọlé. Gbogbo àwọn tó kù jókòó. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kù, ọkàn wọn ò yí padà rárá, síbẹ̀ ẹgbẹ́ ò sí. Ẹni tó bá ń wo láti òkèèrè á ní "kò sí irú wọn níbí".

Ẹ̀rí wà nínú ìtàn Èkó fúnra ẹ̀ pé irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ lè dìde, tí wọ́n bá ti pọ̀ tó láti rí ara wọn. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà pàdé ní Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pinnu pé ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ kò gbọ́dọ̀ ṣèrìbọmi. Ní Èkó, ìpinnu yẹn bá ilé gidi, ìyàwó gidi àti ọmọ gidi. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1891, àwọn ọmọ ìjọ kan ní Èkó dá United Native African Church sílẹ̀, ìjọ tí aláwọ̀ dúdú á máa darí fúnra wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan ló bí i o, ọ̀rọ̀ àṣẹ òyìnbó lórí ìjọ wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìjọ náà gba onílé ìyàwó púpọ̀ mọ́ra. Ìjọ African Church tó ya kúrò lára St Paul's Breadfruit ní 1901 náà gbà wọ́n láàyè nínú ìjọ. Lambeth wá yí ohùn padà ní 1988, wọ́n ní wọ́n lè ṣèrìbọmi fún un pẹ̀lú àwọn ìyàwó ẹ̀ lábẹ́ àwọn àdéhùn kan. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko! Àwọn ará Èkó ò dúró dè wọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí agbo ilé àtijọ́ ń ṣe tí fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ò lè ṣe. Nínú agbo ilé, baálé wà, ìyálé wà, ìyá ọkọ wà. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tiẹ̀, ọjà tó ń tà àti owó ọwọ́ ẹ̀. Wọ́n ń pín ọjọ́ tí oníkálùkù máa dáná. Tí orogún méjì bá tahùn síra wọn, àgbà kan á gbọ́ látinú yàrá kejì, á sì jáde. Ẹni yẹn kì í ṣe olólùfẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, òun ló fi lè dá ẹjọ́ náà. Mi ò sọ pé ọ̀run ni agbo ilé. Ó há àwọn obìnrin mọ́ púpọ̀, èdè wa pàápàá sì gbé ibi tí ògiri ti sán pa mọ́ sínú ara ẹ̀: a ní ọmọ ìyá, a ní ọbàkan, gbogbo wa la sì mọ èyí tí a lè fún ní kọ́kọ́rọ́. Pínpín ogún náà gba àárín ìyá sí ìyá, ìyẹn ìdí igi. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó ti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 dá lé e lórí. Àmọ́ pẹ̀lú gbogbo àléébù ẹ̀, agbo ilé ní òfin, ó sì ní àgbà tó ń gbọ́.

Ní ẹ́sítéètì Lekki, ẹ̀rọ amúlétutù ń dún, fèrèsé tì, gétìmáànù ń béèrè kóòdù kí àlejò tó wọlé. Ẹni mẹ́ta tó jọ ń fẹ́ra wọn, tí méjì bá ń jà, ẹni kẹta ni adájọ́, òun náà ni ẹlẹ́rìí, òun náà sì ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìṣirò ẹ̀ nìyí. Ẹni méjì ní àárín kan ṣoṣo láti tọ́jú. Ẹni mẹ́ta ní àárín mẹ́ta. Ẹni mẹ́rin ní mẹ́fà, ẹni márùn-ún ní mẹ́wàá. Èèyàn ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọlé, àmọ́ àárín tí wọ́n ní láti tọ́jú ń fò sókè. Àwọn àgbà tí kò sí nínú ìfẹ́ náà ni wọ́n nílò, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì péré ni wọ́n fi jù wọ́n lọ nínú irú ayé yìí.

Níbo ni kí wọ́n ti rí wọn? Nítòsí. Leon Festinger àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ìwádìí ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó ní MIT, wọ́n gbé e jáde ní 1950. Nínú àwọn tí yàrá wọn fara kanra, nǹkan bíi 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn lọ́rẹ̀ẹ́. Láàárín àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ìpẹ̀kun, tó jẹ́ ilẹ̀kùn díẹ̀ ló wà láàárín wọn, 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ o, kì í ṣe Ajah sí Lekki! Nítorí náà, lójú tèmi, ẹgbẹ́ "Lekki àti Ajah" ti tóbi jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ti Badore dá wà, kí ti Sangotedo dá wà, kí ti Ikate àti Jakande dá wà. Kí wọ́n máa jẹun pọ̀ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ níbi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ Marwa dé. Ní ọdún méjì, wọ́n á ti lé ní igba wákàtí tí Hall kà.

Ohun mìíràn wà tó ń sọ pé kí ẹgbẹ́ kéré, ìyẹn ni àṣírí. Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ní ewu 2 nínú ọgọ́rùn-ún láti tú àṣírí láàárín ọdún kan, yálà nínú ìbínú, nínú ọtí, tàbí torí wọ́n jí fóònù ẹ̀. Ó kéré, àbí? Nínú ẹgbẹ́ ẹni mẹ́jọ, ewu pé ó kéré tán ẹnì kan á tú u jẹ́ nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ẹni ogún, ó di 33. Ní ẹni àádọ́ta, ó di 64, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó tú ju kó má tú lọ. Ẹ sì rántí pé ẹgbẹ́ WhatsApp máa ń fi nọ́ńbà oníkálùkù han àwọn tó kù, Truecaller á sì sọ nọ́ńbà di orúkọ. Ohun tó wà nídìí àṣírí yìí kì í ṣe ìtìjú lásán. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, lándílọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ìyá àti bàbá wà níbẹ̀.

Òfin náà wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì lábẹ́ òfin ìjọba, tó tún lọ gbé ẹlòmíràn níyàwó nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì dúró, abala 370 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún un. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí gba ju ìyàwó kan lọ, àmọ́ kò gba ju ọkọ kan lọ. Níbi tí ó le sí jù, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn tàbí obìnrin bíi tiwọn sílẹ̀, tó ń darí ẹ̀, tàbí tó ń kópa nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí irú wọn bá wà nínú ẹ̀ ń gbé ẹrù tó ju ti àwọn tó kù lọ, ẹni tó bá pe ìpàdé sì gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn pé ara àwọn ẹlòmíràn lòun ń fi wewu. Ní Somerville ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i ní 2020 pé ju ẹni méjì lọ lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ilé kan náà, torí àrùn Kòrónà ti jẹ́ kí wọ́n rí bí ó ṣe rí tí wọn ò bá jẹ́ kí èèyàn wọlé wo ẹni ẹ̀ ní ọsibítù. Lọ́dọ̀ wa, ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí fọ́ọ̀mù ọsibítù fún ẹni tí wọ́n máa pè. Tí ikú bá sì dé, ẹni tí kò sí ìgbéyàwó láàárín òun àti olóògbé kò ní ìdí igi tó máa bá pín. Ìwé ìhágún nìkan ló lè gbà á sílẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ́ mélòó ló ti kọ ọ́ ní Lekki?

Báwo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè dúró láìsí ọlọ́pàá, láìsí ìwé ìjọba? Ẹ bi àwọn tó ń dá àjọ. William Bascom kọ nípa èsúsú wa ní 1952, ohun tó sì ya òyìnbó lẹ́nu ni pé owó ń yí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì sí bánkì. Elinor Ostrom tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009 lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi wo irú àwọn ẹgbẹ́ báyìí káàkiri ayé, àwọn apẹja, àwọn tó ń pín omi oko. Ohun tó rí nínú àwọn tó pẹ́ ni pé wọ́n mọ ẹni tó wà nínú àti ẹni tó wà níta. Àwọn tí òfin dè ló ṣe òfin. Ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó lé e. Ibi ìparí ìjà sì wà nítòsí, kò wọ́n. Ẹni tó bá wo àjọ ìyá ẹ̀ dáadáa ti rí gbogbo ẹ̀. Fún àwọn tí mò ń sọ yìí, òfin àkọ́kọ́ rọrùn: ẹni tuntun kò wọlé àyàfi tí ẹni méjì tí kò fẹ́ ẹ bá dúró fún un. Ọdẹ tó kàn ń wá obìnrin kiri á sá fún irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni mo fẹ́ pẹ́ sí níhà ti ìlera, torí bí àrùn ṣe ń rìn láàárín èèyàn ni mò ń kà fún oyè kejì. Ẹ jẹ́ ká ní Bísí fẹ́ Délé, ó fi í sílẹ̀, ó wá fẹ́ Túndé. Àrùn tí Túndé bá kó bá Bísí kò lè dé ọ̀dọ̀ Délé mọ́. Àmọ́ tó bá ń fẹ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ bọ̀. Martina Morris àti Mirjam Kretzschmar fi kọ̀ǹpútà ṣe é ní 1997, wọ́n sì rí i pé irú ìfẹ́ àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí kòkòrò HIV tètè tàn gan-an. Gbogbo èèyàn wá gbà pé ìkóbìnrinjọ ló ń dá Áfíríkà lóró. Àfìgbà tí Georges Reniers àti Susan Watkins wo iye ẹ̀ ní 2010, tí wọ́n rí i pé ibi tí ìkóbìnrinjọ ti pọ̀ kọ́ ni HIV ti pọ̀ jù, kàkà bẹ́ẹ̀ ó tún kéré níbẹ̀. Ara ìdí tí wọ́n rò ni pé agbo náà pa dé: tí kòkòrò ò bá sí nínú, kò síbi tó máa gbà wọlé. Ìgbà tí ìyàwó tuntun bá ń wọlé, tàbí tí ẹnì kan bá yọ́ jáde, ni ewu ń bá wọn.

Èyí ló jẹ́ kí ìwádìí Terri Conley ti 2012 dùn mọ́ mi. Ó fi àwọn tó ń dalẹ̀ olólùfẹ́ wọn níkọ̀kọ̀ wé àwọn tó ń fẹ́ púpọ̀ ní gbangba, àwọn oníkọ̀kọ̀ ni kì í sábà lo rọ́bà, tí kì í sì í sọ. Ara Amẹ́ríkà tó fúnra wọn yọ̀ǹda láti dáhùn ni o, kì í ṣe ará Ajah, àmọ́ ọgbọ́n inú ẹ̀ kò ṣòro láti rí.

Nítorí náà, tí ẹni tuntun bá ń bọ̀, kí ó sọ, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n lo rọ́bà, kí ó sì tún un yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò HIV tí wọ́n fi ń gún ìka lè gbà tó 90 ọjọ́ kó tó rí kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Èyí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lápá lọ sí láàbù, nǹkan bíi 45. Àmọ́ HIV kọ́ ló pọ̀ jù. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe ní 2018 rí HIV lára 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49. Hepatitis B tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ jẹ́ 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn àgbàlagbà. Ó ń gba inú ìbálòpọ̀, ó lè gba ara abẹ́ ìfárùngbọ̀n tí ẹni mẹ́ta jọ ń lò ní báàfù kan, púpọ̀ nínú àwọn tó ní in kò sì mọ̀. Ó ní àjẹsára. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ mẹ́ta: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Abẹ́rẹ́ kẹta ni èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Ẹgbẹ́ ẹni mẹ́jọ ní Badore lè kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún ara wọn, bí àwọn alájọ ṣe ń kọ ẹni tó kàn láti kó.